Ìdákẹ́jẹ́ Tó Ń Já Àyà: Ọ̀rọ̀ Lórí Géèmù Adẹ́rùbani Orí Fóònù

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ohun tó ń fò jáde lójijì nínú géèmù adẹ́rùbani kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ti ara bẹ̀rẹ̀. Bí ariwo ńlá bá dún lójijì, ara á ta gìrì: ìpéǹpéjú á pàdé, èjìká á gbé sókè, ọrùn á sún kì. Kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ìpéǹpéjú ti pàdé ná. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni àṣẹ náà ti ń wá. Làákàyè kò tíì gbọ́ sí i rárá. Ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà tó mọ̀ dájú pé àwòrán lásán ni yóò fi fò bí ọmọdé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n títa gìrì yàtọ̀ sí ẹ̀rù. Bí atẹ́gùn bá gbá ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn yín, ẹ ó ta gìrì, kò sì ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbàgbé. Ẹ̀rù a máa gba àkókò. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ẹni tí àyà rẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀ máa ń ta gìrì ju ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ. Kódà, òkùnkùn nìkan tó láti dá kún un. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe géèmù ni láti sọ wá di ẹni tí ejò bù jẹ, kó tó fi ekòló hàn wá.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Àìtó ni. Nínú géèmù Resident Evil, tí ilé-iṣẹ́ Capcom gbé jáde ní Japan ní 1996, tó sọ orúkọ survival horror (géèmù adẹ́rùbani tí ẹ ti ń jà kí ẹ má bàa kú) di ohun tí gbogbo ayé ń pè, ajá fọ́ fèrèsé wọlé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ajá yẹn ni àwọn ènìyàn ń sọ títí dòní. Èmi rò pé ọta ìbọn tí kò tó ló jẹ́ kí ajá náà ní eyín.

Scott Cawthon, ẹni tó ń ṣe géèmù, mú àìtó yìí débi tó le nínú géèmù rẹ̀, Five Nights at Freddy's, ní 2014. Orí kọ̀ǹpútà ló ti kọ́kọ́ jáde, ọdún náà kò sì parí tó fi dé orí fóònù. Ọlọ́dẹ ni yín, láti agogo méjìlá òru di mẹ́fà àárọ̀, ẹ ń fi kámẹ́rà ṣọ́ àwọn ère ẹranko tí ẹ̀rọ ń mú rìn. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, iná mànàmáná ń dínkù. Bí ẹ bá wo kámẹ́rà, ó ń dínkù. Bí ẹ bá káwọ́ gbera, ó ṣì ń dínkù. Tó bá tán, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn, ilẹ̀kùn á ṣí, ojú ère kan á máa tàn lẹ́nu ọ̀nà, orin kékeré á máa dún. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe mọ́ ju kí ẹ máa gbọ́ orin lọ. Nígbà mìíràn, agogo mẹ́fà á lù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ní tèmi, orin yẹn ni géèmù náà. Igbe tó tẹ̀lé e kò tó nǹkan.

Géèmù Granny, tí olùṣe géèmù tó ń jẹ́ DVloper gbé jáde ní 2017, orí fóònù gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún lẹ ní láti sá kúrò nílé ìyá àgbà kan tí etí rẹ̀ kò di rárá. Ohun kan ṣoṣo lẹ lè mú lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òòlù wà lọ́wọ́ mi, mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo rí kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá mú kọ́kọ́rọ́, òòlù á bọ́ sílẹ̀, yóò sì dún. Mo dúró síbẹ̀, àtàǹpàkò mi lórí ojú fóònù, mi ò tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Síbẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ mi ti tutù.

Fóònù tún fi àìtó tirẹ̀ kún un. Àtàǹpàkò méjèèjì bo igun ojú rẹ̀; kí ẹ tó wẹ̀yìn, ẹ ní láti fi ìka wọ́ ọ, kò sì yá. Íápíìsì tún gbé ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ wá sínú etí yín. Ohun tó ń dùn mí ni ìpolówó ọjà tó ń já wọ àárín àwọn géèmù ọ̀fẹ́ kan, tó ń tú gbogbo ohun tí ìdákẹ́jẹ́ ti kọ́ ká. Ẹ rẹ ohùn fóònù sílẹ̀ o, nítorí ariwo òjijì nínú etí kì í ṣeré. Ẹni tí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń gbé wárápá rẹ̀ dìde, kó má gbá irú géèmù yìí rárá. Ọmọdé? Kí àgbà kọ́kọ́ gbá a, kó tó mọ̀ bóyá ó tọ́ fún un.

Ẹnì kan béèrè bóyá ẹ̀rù á tán tí a bá ti mọ ibi tí nǹkan ti ń fò jáde nínú géèmù. Títa gìrì á dínkù lóòótọ́, torí ara máa ń mọ́ ariwo tó bá ń dún léraléra. Àmọ́ bí ẹ bá tún Granny bẹ̀rẹ̀, ibi tí kọ́kọ́rọ́ àti àwọn ohun èlò wà ti yí padà.

Arákùnrin kan níwájú ní òun ò mọ ẹ̀rù. Mo gbé fóònù mi fún un. Nínú Granny, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. A gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá àgbà náà tó wọ yàrá, tó dúró, tó tún jáde lọ. Ohunkóhun kò fò jáde. Nígbà tí mo na ọwọ́ láti gba fóònù mi, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì rọra sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ẹ dúró ná, sà, kò tíì lọ jìnnà.”