Ṣé Ọjọ́ Ìsinmi ni Ọjọ́ Ìsinmi? Ọ̀rọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè láàárín àwa Krìstẹ́nì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ohun tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọ bíi mẹ́rin pawọ́ pọ̀ ṣe nìyí, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn tí òjò ò jẹ́ kí wọ́n wá, mo sì ti fi díẹ̀ kún un níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ́wọ́ sí mi lọ́jọ́ náà pé àkókò ti lọ. Kí n tètè sọ ọ́, ọmọ Áńgílíkà ni mí. Àmọ́ àbúrò ìyá mi fẹ́ ọkọ sí ìjọ Adventist, àwọn tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sẹ́fíńtì Dè, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń lo họlidé ní kékeré, mo sì mọ bí ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ṣe ń rí nínú ilé yẹn, torí Sátidé ni wọ́n ń pa mọ́: ọbẹ̀ ti jinná, aṣọ sọ́ọ̀sì ti wà lórí àga, wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n, bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀ báyìí orin ló kù.

Ẹnu wa ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ wò. Kí ni Krìstẹ́nì Yorùbá ń pe Sọ́ńdè? Ọjọ́ Ìsinmi. Ibo ni ọmọdé ń lọ láàárọ̀ Sọ́ńdè? Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ó dáa, ṣí Bíbélì Yorùbá sí Ẹ́kísódù 20:8, kí lo bá níbẹ̀? Kí a rántí ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ yẹn á gbà láìbi ẹnikẹ́ni pé Sọ́ńdè ni Mósè ń bá wí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ keje ni wọ́n kọ sí ẹsẹ 10. Wá lọ sílé àǹtí mi, àwọn ọmọ tiwọn náà ń lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, láàárọ̀ Sátidé. Orúkọ kan, ọjọ́ méjì. Ẹni tó ń sọ Pọtogí ń pe Sátidé ní sábado, Hausa ń pè é ní Asabar látinú Lárúbáwá, orúkọ Sábáàtì, ìyẹn ọjọ́ ìsinmi àwọn Júù, ṣì wà nínú ọjọ́ náà lẹ́nu wọn. Òyìnbó ní orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó lè béèrè bóyá Sọ́ńdè ni Sábáàtì. Àwa tá a bá fẹ́ béèrè irú ẹ̀ ní Yorùbá, ohun tó máa jáde lẹ́nu wa ni "ṣé Ọjọ́ Ìsinmi ni Ọjọ́ Ìsinmi?" Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bó ṣe dún. Orúkọ ti dá ẹjọ́ náà kó tó dé kóòtù.

Ta ló wá dá ẹjọ́ yẹn fún wa? Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti dá a. Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, dé Badagry àti Abẹ́òkúta ní 1842, Townsend àti Crowther ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, wọ Abẹ́òkúta ní 1846, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti gba ẹ̀kọ́ wọn, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti fi bí igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jà lórí Sọ́ńdè ni. Ní 1595 ni àlùfáà kan tó ń jẹ́ Nicholas Bownd kọ ìwé ńlá pé òfin Sábáàtì ṣì de Krìstẹ́nì, ọjọ́ ló kàn yí sí Sọ́ńdè. Ọba James wá gbé ìkéde kan jáde ní 1618 pé tí èèyàn bá ti ṣe ìsìn tán kó lọ jó, kó ta ọfà, kó fò sókè, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, inú àwọn Puritan, àwọn Krìstẹ́nì Gẹ̀ẹ́sì tó le koko lórí òfin Ọlọ́run, sì bàjẹ́ gan-an. Nígbà tí agbára bọ́ sọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí, wọ́n kọ ọ́ sínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ Westminster ní àwọn ọdún 1640 pé ọjọ́ kan nínú méje ni Ọlọ́run pa láṣẹ, pé ọjọ́ ìkẹyìn ọ̀sẹ̀ ni títí Jésù fi jíǹde, láti ìgbà náà ó ti di ọjọ́ kìíní. Ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló wà nínú "Ọjọ́ Ìsinmi" tí ìyá ìyá wa ń pè. Orúkọ lásán kọ́, ìpinnu ìgbìmọ̀ ni, a kàn ń pè é láìmọ̀ pé a ti buwọ́ lù ú.

Ó sì ní ohun tí ó ná àwọn tó kọ́kọ́ gbà á. Ẹ rántí pé ọ̀sẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ọjọ́ méje tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni, àwọn àgbà ń ka ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ṣe ń pè é ní márùn-ún (bí Bíbélì ṣe ka Fúráìdè sí Sọ́ńdè ní ọjọ́ kẹta náà nìyẹn, kò yẹ kó ṣòro fún wa). Ọjà máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú mẹ́rin yẹn, ọjọ́ òrìṣà kọ̀ọ̀kan náà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi mẹ́rin àti méje lu ara wọn, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28 ni ọjọ́ ọjà àti Sọ́ńdè máa pàdé. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ tàbí aṣọ tó sì ti gba Jésù, oṣooṣù ni ọjà ìlú rẹ̀ máa ná tí òun á jókòó sílé. Kò sí ẹni tó rí ìyẹn bí nǹkan kékeré nígbà náà. Kódà nígbà tí inú bí àwọn Ẹ̀gbá sí ìjọba Èkó tí wọ́n sì kọ lu ilé àti sọ́ọ̀sì àwọn òyìnbó Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé, Sọ́ńdè 13 October 1867 ni, wọ́n sì ní kí àwọn Krìstẹ́nì má jọ́sìn mọ́.

Ó yá, ká padà sẹ́yìn gan-an, torí ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Àwọn kan tó ń pín ìwé pélébé lójú títì fẹ́ràn láti sọ pé Constantine, olú ọba Róòmù, tàbí póòpù ló yí ọjọ́ padà. Ibẹ̀ yẹn ò dúró o. Justin, Krìstẹ́nì kan láyé àtijọ́, kọ̀wé sí olú ọba Róòmù ìgbà tiẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 155, ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ Oòrùn gbogbo àwọn tó wà nílùú àti ìgbèríko máa ń kóra jọ, wọ́n á ka ìwé àwọn àpọ́sítélì àti ti wòlíì, olórí á sọ̀rọ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á pín búrẹ́dì àti wáìnì, wọ́n á sì dá owó fún ọmọ aláìlóbìí àti opó. Ó ju ọgọ́jọ ọdún lọ kí Constantine tó ṣe òfin kankan. Àmọ́ ohun tí àwọn tiwa náà kì í sọ nìyí: kò síbi tí Justin ti ní wọ́n sinmi. Ọjọ́ iṣẹ́ ni Sọ́ńdè nígbà yẹn. Pliny, tó jẹ́ gómìnà, kọ̀wé ní nǹkan bí 112 pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn Krìstẹ́nì ń pàdé ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá, àwọn ẹrú wà nínú wọn, ta ló máa fún ẹrú ní ọ́ọ̀fù? Òfin Constantine ti 7 March 321 ló ní kí adájọ́ àti ará ìlú sinmi lọ́jọ́ Oòrùn, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kí àgbẹ̀ lọ oko ẹ̀ torí àsìkò ìgbìn kì í dúró de ènìyàn. Nítorí náà Constantine kọ́ ló mú ìpàdé dé Sọ́ńdè, ìsinmi ló mú dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun lọ̀rọ̀ mi dá lé.

Sátidé náà ò tíì kú. Ní nǹkan bí àwọn ọdún 360, ìgbìmọ̀ Laodicea ṣòfin pé Krìstẹ́nì ò gbọ́dọ̀ sinmi ní Sátidé bíi Júù. Ẹni tó bá lẹ pátákó "má ṣe tọ̀ síbí" mọ́ ògiri, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń tọ̀ síbẹ̀. Òpìtàn Socrates (kì í ṣe ti Greece àtijọ́) kọ ọ́ ní ọ̀rúndún karùn-ún pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìjọ ló ń ṣe oúnjẹ Olúwa ní Sátidé pẹ̀lú, àyàfi Alexandria àti Róòmù. Ní Ethiopia ńkọ́? Wọ́n pa méjèèjì mọ́. Ìjà gidi ló dá sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣe inúnibíni sí àwọn ọmọlẹ́yìn mọ́ǹkì kan tó ń jẹ́ Ewostatewos lórí Sátidé, kí ọba Zara Yaqob tó parí ẹ̀ ní ìgbìmọ̀ Debre Mitmaq ní 1450: Sátidé mímọ́, Sọ́ńdè mímọ́. Èmi fẹ́ràn ìyẹn, ọjọ́ méjì ọ́ọ̀fù kí òyìnbó tó dá wíkẹ́ńdì sílẹ̀.

Àwọn Adventist kọ́ ló kọ́kọ́ dé Sátidé láàárín àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì o. Àwọn Baptist Ọjọ́ Keje ti wà ní London láti àwọn ọdún 1650, wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ ní Newport ní Amẹ́ríkà ní 1671. Obìnrin kan nínú wọn, Rachel Oakes, ló mú ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn tó ń retí ìpadàbọ̀ Jésù lọ ní New Hampshire ní 1844, Joseph Bates tẹ ìwé lé e lórí ní 1846, ìjọ wá di ìjọ ní 1863. Ní 1914 ló dé ọ̀dọ̀ wa, David Babcock jókòó sí Erúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn. Òun ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe yunifásítì Ìlíṣàn.

Nísinsìnyí Bíbélì, kíá kíá, torí ẹsẹ ni wọ́n fi ń pa ara wọn lẹ́nu. Ìṣe 20:7, ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, wọ́n bu àkàrà, Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ dé ọ̀gànjọ́, ọmọkùnrin kan sùn lọ ó já bọ́ lójú fèrèsé. Àwa sọ pé ìsìn Sọ́ńdè nìyẹn. Àwọn Adventist ní ìrọ̀lẹ́ ni ọjọ́ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Júù, alẹ́ Sátidé nìyẹn, ìdágbére lásán ni. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹsẹ yẹn nìkan dá ẹjọ́. Ibi tí mo gbà pé wọ́n lágbára jù wá lọ ni pé kò sí ẹsẹ kankan tó sọ pé "ẹ kúrò ní keje ẹ bọ́ sí ìkíní". Tí o bá dúró lórí pé òfin kẹrin ṣì dè wá tó o wá ní Sọ́ńdè ni, ìwọ lo ní àlàyé láti ṣe, kì í ṣe wọn. Ibi tí àwọn náà ti ń làágùn ni Kólósè 2:16, pé kí ẹnikẹ́ni má dá yín lẹ́jọ́ nítorí àjọ̀dún, oṣù tuntun tàbí ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi àjọ̀dún inú Léfítíkù 23 ni. Àmọ́ àjọ̀dún ti wà níwájú nínú gbólóhùn kan náà, kí ló dé tó tún máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Kò dùn mọ́ mi létí.

Ìhà kẹta tún wà, tí àwọn Luther kọ sínú ìjẹ́wọ́ Augsburg ní 1530: pé ẹni tó bá rò pé Sọ́ńdè rọ́pò Sábáàtì gẹ́gẹ́ bí ọ̀ranyàn ti ṣì í, ìjọ kàn yan ọjọ́ kan kí èèyàn lè mọ ìgbà tí wọ́n máa pàdé ni. Ẹ wo ìṣe wa dáadáa, ibẹ̀ la wà. Ẹnu wa ń sọ Westminster, ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀lé Augsburg. Ta ló ń sinmi ní Sọ́ńdè nínú wa? Ìsìn, lẹ́yìn náà ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́yìn náà iyán, lẹ́yìn náà ọjà, kí ó tó wá di aṣọ iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi nìkan ni mo ti rí ẹni tó jókòó tí kò ṣe nǹkankan láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, tọkọtaya.

Wọ́n sì ń sanwó ẹ̀ o. Sátidé ni ìdìbò ní Nàìjíríà, Sátidé ni òwàǹbẹ̀, àwọn ìdánwò kan máa ń bọ́ sí Sátidé. Tiwa tó pa Sọ́ńdè mọ́ náà ti sanwó rí: Eric Liddell kọ̀ láti sá eré ọgọ́rùn-ún mítà ní Paris ní 1924 torí Sọ́ńdè ni wọ́n fi ìpele àkọ́kọ́ sí, ó lọ sá irinwó mítà, ó gba góòlù. Ní June 2023 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Gerald Groff, òṣìṣẹ́ pósítọ́ọ̀fíìsì tí kì í ṣiṣẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n sì mú un le fún ọ̀gá ibiṣẹ́ láti kàn sọ pé wàhálà ni láti fún òṣìṣẹ́ láyè torí ìsìn ẹ̀.

Ọ̀dọ́ kan bi mí pé àwọn erékùṣù Pacific ńkọ́, níbi tí ìlà ọjọ́, ìyẹn ìlà tí ọjọ́ kan ti ń di òmíràn lórí máàpù ayé, ti wọ́. Ó káwèé. Ní Tonga, Sọ́ńdè ni àwọn Adventist ń lọ sọ́ọ̀sì, torí wọ́n ní ìlà tó tẹ̀ yẹn ló sọ ọjọ́ náà di Sọ́ńdè, ìlà gidi ò tẹ̀, Sátidé ló jẹ́ lójú wọn. Nígbà tí Samoa fo 30 December 2011 láti bọ́ sí ìhà kejì ìlà, àwọn kan bá ọjọ́ tuntun lọ, àwọn kan ò bá a lọ, ìjọ pín.

Nígbà tí ọmọ àǹtí mi ń ṣègbéyàwó, Sọ́ńdè ni wọ́n fi í sí, torí Sátidé ò ṣeé ṣe. Ẹbí kún ibẹ̀ dáadáa, àmọ́ ọ̀sán ni gbogbo wa tó dé, ìyàwó ti yọ aṣọ funfun, torí ìsìn tiwa ò tètè parí.