Paul Lacy àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ erékùṣù ínsúlíìnì jáde láàyè

Ẹ jẹ́ ká wo páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn. Ẹ̀yìn àpòlúkù ló fara pamọ́ sí, ti àgbàlagbà sì máa ń wọ̀n tó 80 sí 100 gíráàmù. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi tó ń da oúnjẹ ló ń ṣe. Àwọn ìṣùpọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó-tò-tó tó wà káàkiri inú rẹ̀ ni erékùṣù Langerhans. Wọ́n tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan, síbẹ̀ tí a bá kó gbogbo wọn jọ, wọn ò ju ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 páńkíríásì lọ. Inú wọn ni sẹ́ẹ̀lì beta tó ń ṣe ínsúlíìnì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, wà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ni ọmọ ogun ara ń pa nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní.

Dókítà Paul Lacy, onímọ̀ àrùn ní Washington University, ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, fi iṣẹ́ ayé rẹ̀ jìn fún erékùṣù wọ̀nyí. Láti àwọn ọdún 1950 ló ti ń fi máíkírósíkópù oníẹ́lẹ́kítírọ̀nù wo àwọn hóró tí ínsúlíìnì ń dé sí nínú sẹ́ẹ̀lì beta, àti bí hóró náà ṣe ń lẹ̀ mọ́ etí sẹ́ẹ̀lì, tó ń là, tí ínsúlíìnì sì ń tú síta. Àmọ́ láti mọ ohun tí erékùṣù ń dá ṣe, àfi kéèyàn yọ ọ́ kúrò nínú ẹran tó yí i ká.

Ní 1967, òun àti Mary Kostianovsky tẹ ọ̀nà wọn jáde. Wọ́n rọ omi oníyọ̀ sínú ọ̀pá páńkíríásì eku títí ó fi wú, kí ẹran náà lè yàgò fún ara rẹ̀. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́. Wọ́n wá da collagenase sí i ní ìwọ̀n ooru 37, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ fọ́nrán tó so ẹran pọ̀, wọ́n sì ń mì í. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Tí àkókò bá kéré jù, erékùṣù á ṣì há sínú ẹran. Tó bá pẹ́ jù, á fọ́ túútúú. Ara kòkòrò àrùn ni wọ́n ti ń rí ẹ́ńsáìmù yìí, agbára rẹ̀ kì í sì í dọ́gba láti ìgò dé ìgò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán ìkọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó lò ó.

Wọ́n gbìyànjú láti fi omi ṣúgà tó ki ya erékùṣù sọ́tọ̀. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò tú ínsúlíìnì sílẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n fún un ní ṣúgà, torí omi tó ki ti fa omi ara sẹ́ẹ̀lì jáde bí iyọ̀ ṣe ń fa omi ara ẹja. Ficoll, èròjà kan tí hóró rẹ̀ tóbi tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fa omi, ló wá rọ́pò rẹ̀.

Ní 1972, Lacy àti Walter Ballinger gbin erékùṣù 400 sí 600 sí ikùn tàbí ẹran ara eku alátọ̀gbẹ. Ṣúgà wálẹ̀, kò padà sípò tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ikọ̀ St. Louis kan náà rọ irú iye yẹn sínú iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ láti ìfun lọ sínú ẹ̀dọ̀, ṣúgà sì padà sípò. Ẹ̀dọ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ínsúlíìnì máa ń kọ́kọ́ dé lára ẹni tó lálàáfíà.

Páńkíríásì èèyàn le ju ti eku lọ. Camillo Ricordi, ará Ítálì tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Lacy, ló yanjú ìyẹn ní 1988: agolo irin tó ní bọ́ọ̀lù irin nínú àti asẹ́ lókè. Bí wọ́n ṣe ń mì í, erékùṣù tó bá já kúrò lára ẹran á gba inú asẹ́ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí collagenase má baà jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ń bu díẹ̀ wò pẹ̀lú aró dithizone, tó ń sọ erékùṣù di pupa nítorí zinc inú rẹ̀. Nígbà tó di 1990, ikọ̀ Lacy ròyìn alátọ̀gbẹ kan tó bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì fúngbà díẹ̀.

Ní Edmonton, Kánádà, ní 2000, àwọn 7 tí James Shapiro àti ikọ̀ rẹ̀ gbin erékùṣù fún ló jáwọ́ nínú abẹ́rẹ́. Wọ́n yẹra fún oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tó ń pa sẹ́ẹ̀lì beta lára, wọ́n sì lo erékùṣù láti ara olóògbé tó ju ẹyọ kan lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa tọpa àwọn tó gba irú ìtọ́jú yìí fún ọdún 5, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ló ṣì wà láìgba abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ṣì ń ṣe ínsúlíìnì díẹ̀, ìyẹn sì pọ̀ fún ẹni tí ṣúgà rẹ̀ máa ń já wálẹ̀ débi pé ó ń dákú.

Irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Lantidra fún ní oṣù kẹfà 2023, erékùṣù láti ara olóògbé tí wọ́n ń rọ sínú ẹ̀dọ̀. Lacy ti kú ní 2005. Ẹni tó bá gba Lantidra gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tó ń dẹwọ́ ọmọ ogun ara níwọ̀n ìgbà tí erékùṣù náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́, oògùn yẹn sì ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn mìíràn.