Ẹni Tí Wọ́n Pa Tí Kò Kú

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ yẹn. N kò sí ní Manchester lónìí, ilé màmá mi l'Abẹ́òkúta ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Lánàá, mo gba Ṣápọ́n kọjá, mo sì rántí oníwèé ìròyìn kan tí a máa ń dúró sídìí tábìlì rẹ̀ ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn ológun kéde pé ọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní Shekau, olórí Boko Haram, nínú fídíò wọn ti kú ní Konduga, ní ìpínlẹ̀ Borno. Bàbá kan ní, "Èwo nínú wọn? Ṣé èyí tí ọlọ́pàá ní wọ́n pa lọ́dún 2009?" Ẹnìkejì ní ọkùnrin náà ní ayẹta, ìbọn ò lè ràn án. A bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn kan ò rẹ́rìn-ín o.

Ta wá ni babaláwo tó ṣe ayẹta yẹn fún un? Ìkéde ni! Wọ́n á ní ó ti kú, òun náà á gbé fídíò jáde, á máa na ìka sí wa, á máa rẹ́rìn-ín. Ká ní wọn ò tíì sin ín tẹ́lẹ̀, fídíò lásán ni ìbá jẹ́.

Ti Chibok ló wá burú jù. Boko Haram jí ọmọbìnrin 276 kó níléèwé wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ní ọjọ́ 16, àwọn ológun ní ó ku mẹ́jọ péré táwọn ò tíì rí gbà. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Láti ìgbà náà, tí ìròyìn ogun bá ti dé, ohun tí màmá mi máa ń bèèrè ni pé, "Kí làwọn Boko Haram fúnra wọn sọ?" Ẹ gbọ́ o: apànìyàn ló di ẹlẹ́rìí, nílùú tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti tẹ Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́, lọ́dún 1859!

 

Nígbà tí Shekau wá kú lóòótọ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ISWAP, ẹgbẹ́ agbébọn tó yapa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ló fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́rìí sí i. Mo pe màmá mi lórí fóònù.

"Ṣé ó ti gbé fídíò jáde?"

"Rárá, mà."

"Ẹ jẹ́ ká ṣì ní sùúrù ná."

Mo tún bi wọ́n láàárọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀kọ. Wọ́n ò tíì gbà.