PAUZE: Annie M.G. Schmidt, akéwì tó ń kọ eré sínú ewì ọmọdé

Aláǹtakùn kan wà tó ń jẹ́ Sebastiaan. Òtútù ń mú gidi, síbẹ̀ nǹkan kan ń tì í nínú pé kó takùn. Àwọn aláǹtakùn yòókù ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fa orúkọ rẹ̀ léraléra bí ègbè inú àlọ́. Ó kọ̀. Ó ní òun á wọ inú ilé lọ, òun á takùn òun sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ó gba ojú fèrèsé wọlé. Níbẹ̀ ni Annie M.G. Schmidt, akéwì ọmọ Nẹ́dálándì tó kọ ewì ọmọdé yìí, ti kọ ọ̀rọ̀ Dutch kan ṣoṣo sórí ìlà tirẹ̀: PAUZE, ìyẹn, ẹ dánu dúró. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé wọ́n ti gbá Sebastiaan dànù.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń darí eré ni PAUZE. Nígbà tí ewì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti kọ LUISTER, "ẹ gbọ́". Bí ẹni tó ń kà á bá sáré kọjá PAUZE, ìparí ewì náà á dà bí ìròyìn lásán, torí inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Sebastiaan kú sí.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa pín obìnrin yìí sí mẹ́ta, pé akéwì lọ́tọ̀, òǹkọ̀wé eré lọ́tọ̀, òǹkọ̀wé ọmọdé lọ́tọ̀. Etí ló ń kọ̀wé fún jálẹ̀.

Kapelle ní agbègbè Zeeland, lórílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, ni wọ́n bí i sí ní 1911. Pásítọ̀ ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ló ń ṣe, títí tó fi di ọ̀gá ilé ìkàwé ní Vlissingen nígbà ogun. Ní 1946 ó wọ iṣẹ́ ní Het Parool ní Amsterdam, ìwé ìròyìn tí wọ́n ti ń tẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́ nígbà tí Jámánì gba ìlú. Ibi àkójọ ìwé ni wọ́n fi í sí, àmọ́ ewì ló gbé e jáde. Het fluitketeltje, ìwé ewì ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́, dé ní 1950.

Ọdún 1952 ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú Het Parool, Jip en Janneke, ìtàn rẹ̀ nípa ọmọ kékeré méjì, bẹ̀rẹ̀, Fiep Westendorp ló ń yàwòrán rẹ̀. Jip rí ihò kékeré kan lára igi ọgbà, Janneke wà lódìkejì, Jip ki orí bọ̀ ọ́, ó há. Gbólóhùn kúkúrú ni gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, eré rẹ̀ De familie Doorsnee bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, nílé iṣẹ́ VARA, ó sì lọ títí di 1958. Lórí rédíò, kò sẹ́ni tó ń rí ẹni tó wọlé. Bí a ò bá dá a mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, eré ti dàrú.

Ẹ̀kọ́ yìí ló gbé lọ sórí ìtàgé. Heerlijk duurt het langst, tí Harry Bannink ṣe orin rẹ̀ ní 1965, ni wọ́n ń kà sí eré olórin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Dutch látilẹ̀wá. Ní 1988 Schmidt gba ẹ̀bùn Hans Christian Andersen, ẹ̀bùn àgbáyé fún òǹkọ̀wé ọmọdé, Astrid Lindgren, òǹkọ̀wé ọmọdé ará Sweden, ló gbé e lé e lọ́wọ́. Schmidt kú ní 1995, ní ọjọ́ kejì ọjọ́ìbí rẹ̀ ẹlẹ́kẹrìnlélọ́gọ́rin.

Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ Sebastiaan sí Yorùbá, kó má fìyà jẹ ara rẹ̀ lórí bí òpin ìlà ṣe ń dún bákan náà. Orúkọ náà bá "gegaan" mu nínú èdè Dutch, kò bá nǹkan kan mu nínú tiwa. Ègbè ni kó dì mú, kí ohùn máa gòkè bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń le sí i. "Drang", tí Schmidt fi lẹ́tà ńlá kọ, ló ṣòro jù: ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni, ó wá fi í sẹ́nu aláǹtakùn. "Ìfẹ́" kéré jù fún un. "Ohun tó ń tì mí nínú" sún mọ́ ọn. Kó sì fi PAUZE sílẹ̀ lórí ìlà tirẹ̀.