Fáìsì tó dógùn-ún kò tíì kú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo nǹkan tó wà lórí tábìlì mi yìí dáadáa. Fáìsì ni, irin ẹlẹ́nu méjì tí à ń dè mọ́ tábìlì láti fi di nǹkan mú tá a bá ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́sí. Ó ti pupa láti ẹnu dé ìdí bí ọ̀nà oko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí sọ́tùn-ún, kò yí sósì. Ẹni tó ni í ti fẹ́ gbé e fún àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri àdúgbò, tí wọ́n ń pariwo "kóńdẹ́mù! kóńdẹ́mù!" Wọn ì bá wọ̀n ọ́n ní kílò, wọn ì bá lọ yọ́ ọ. Mo ní kó gbé e fún mi.

Ìpẹtà kọ́ ló sábà máa ń pa fáìsì. Àwa fúnra wa ni, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a bá gbé e délé. Mo mọ̀, torí mo ti pa ọ̀kan rí. Mo ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ rẹ̀ kí n lè rí agbára, mo gbé gbogbo ara lé e, ó dún pàà! Inú mi dùn, mo ní ó ti tú. Àṣé ara rẹ̀ ló là.

Ìdí rèé. Ara ọ̀pọ̀ fáìsì àtijọ́, irin tí wọ́n yọ́ tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù ni. Irin tí bíríkìlà fi ń ṣe dẹ́kìn, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀. Èyí kì í tẹ̀. Tó bá ti kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, á fọ́ bí ìkòkò amọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e fún wẹ́dà pé kó fi ẹ̀lẹ́tíróòdù ojoojúmọ́ jó o pọ̀, ẹ̀gbẹ́ ibi tó jó ló tún máa là.

Kí ló wá mú un há? Omi àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń mú irin dógùn-ún. Ìpẹtà tó bá yọ máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa. Àlàfo tó wà láàárín tẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tó lọ́ yí ara ọ̀pá ká, àti nọ́ọ̀tì kò sì tó nǹkan. Ẹ rántí bí gàrí ṣe ń wú nínú ife. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dojú rẹ̀ délẹ̀, ká wo ikùn rẹ̀. Ọ̀pá onítẹ́ẹ̀dì gígùn tẹ́ ẹ ń wò yìí, inú nọ́ọ̀tì ńlá kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ló gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tó máa ń há. Ibi kejì ni ojú ibi tí ẹnu tó ń rìn ti ń wọlé, tó ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da epo sí ìdí ọwọ́ rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni ojú wọn rí. Ibi méjì tí mo sọ yìí ni kẹ́ ẹ dà á sí.

Epo wo? Àwọn kan á ní àfi WD-40. Lọ́dún 1953 ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, láti máa lé omi kúrò lára irin. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìgbà ogójì ni wọ́n pò ó kó tó gbà. Ó dáa, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kẹrosíìnì tẹ́ ẹ po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ mọ́ á ṣe é. Kẹrosíìnì á wọ kọ̀rọ̀, ọ́ìlì á dúró síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáná sí sìgá nítòsí o.

Ẹ dà á lálẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e sóòrùn. Oòrùn á mú irin fẹ̀, òtútù òru á mú un sún kì, epo á máa rí ọ̀nà wọlé. Ẹ wá mú hámà kékeré, kẹ́ ẹ máa fi kan orí ọ̀pá yẹn: kò, kò, kò, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. A kò lù ú o. Kó ṣáà máa gbọ̀n.

Ọjọ́ kìíní, kò gbọ́. Ọjọ́ kejì, kò gbọ́. Tèmi yìí gba ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ karùn-ún yẹn, mi ò tú u. Dídì ni mo kọ́kọ́ dì í sí i. Ó yí bí ìbú irun orí. Mo tú u padà díẹ̀, mo tún dì í. Ẹ wo omi pupa tó ń jáde yìí! Ìpẹtà tó fọ́ nínú lọ́hùn-ún ni. Ẹ tún da epo sí i, ẹ má kánjú, ó ti fẹ́ gbà.

Ó jáde!

Àwọn irin eléyín méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tú wọn, kẹ́ ẹ rì wọ́n sínú fínígà mọ́jú. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é, ṣebí òun làwọn ìyá wa fi ń fọ idẹ. Láàárọ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ fi omi káún ṣàn wọ́n kí kíkan rẹ̀ lè kúrò. Ẹ nù wọ́n, ẹ fi epo pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lè pupa padà kẹ́ ẹ tó jẹun tán.

Ẹ máa rí àwọn tó ń fi iná ṣájà bátìrì nínú omi sódà ìfọṣọ yọ ìpẹtà. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń gbiná, ẹni tó bá sì lo irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí fún irin kejì tí wọ́n so mọ́ ṣájà náà, májèlé ló ń sè. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Ara rẹ̀ tó tóbi, búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì ti tó. Ẹ fi gíláàsì bo ojú. Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, ẹ má fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ. Èyí tó ń ṣí bí èèpo lẹ máa yọ; àwọ̀ dúdú tó ti mọ́ ọn lára kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń mú kí irin àtijọ́ máa dán bíi dígí, tiwọn dáa, àmọ́ èmi ò fẹ́ fi fáìsì wo ojú.

Bọ́ọ̀tù tó bá ti jẹrà, ẹ mú un lọ sí Òwódé Onírin l'Ékòó tàbí Gáàtì n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó rà. Tẹ́ẹ̀dì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ Whitworth, èyí tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ lọ́dún 1841. Bọ́ọ̀tù onímìlímítà lè jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi agbára kì í bọ̀ ọ́, ihò bàjẹ́ nìyẹn.

Gíríìsì sínú nọ́ọ̀tì àti lórí tẹ́ẹ̀dì. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́ síbi tó ń rìn. Ẹnu rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ fínnífínní. Ẹnu tó ń yọ̀ kò lè di nǹkan mú.

Ó ku gbígbé e kalẹ̀. Ẹ má dè é sí àárín tábìlì. Ọ̀gangan ẹsẹ̀ tábìlì ni, kí ẹnu tí kì í rìn yọ síta díẹ̀ ju etí tábìlì lọ, kí páìpù gígùn lè dúró ṣánṣán lẹ́nu rẹ̀ kó sì kanlẹ̀. Bí èyí. Ọmọọ̀ṣẹ́, gbé ayùn irin yẹn fún mi.