Bí mo ṣe ń mọ iye ẹrẹ̀ tó ti padà sójú omi tí wọ́n gbẹ́

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè yín lórí bí mo ṣe ń wọn ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù, mo ti wá san gbèsè. Ọ̀sà Èkó la wà yìí, lápá Ìkòròdú, lójú ọ̀nà ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn.

Kí n tó kúrò ní èbúté, mo ti ka òpó inú omi tí mo fi ọ̀dà fàlà sí, tó ń fi bí omi ṣe ga hàn, mo sì kọ aago sílẹ̀. Ẹ má fo èyí o! Ẹnìkan pè mí lọ́jọ́sí, ó ní ilẹ̀ ti fi ààbọ̀ mítà ga sí i. Lóṣù tó ṣáájú, ó wọn mítà 4, òpó ka 1. Lọ́jọ́ náà, ó wọn 3.5, òpó ka 0.5. Ẹ yọ ti òpó kúrò: 3 ni méjèèjì. Omi ló fà, ẹrẹ̀ ò ṣe nǹkan kan!

Ó yá. Ọ̀pá méjì ni. Mo jó àwo irin mọ́ ìdí àkọ́kọ́, ó fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Ó ti jókòó sórí ẹrẹ̀: mítà 3.20.

Èkejì ò ní àwo. Ẹ tì í wọnú ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ kì í dún, á kàn máa gbé e mì ni. Ẹ dúró... ẹ gbọ́ yẹn? Kìrìkìrì! Iyanrìn nìyẹn, ọwọ́ yín á gbọ̀n sí i. Mítà 3.75. Ẹrẹ̀ ibí yìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 55. Ẹ wò ó lẹ́nu ọ̀pá, ó dúdú bí ọṣẹ dúdú, àmọ́ ẹ má gbóòórùn ẹ̀. Lásìkò òjò, odò Ògùn ń gbé irú ẹ̀ wá ṣáá.

Ẹni tó kọ ọ́ pé ayé ọ̀pá ti lọ, mo rí yín. Èmi náà ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn omi, mò ń lò ó níbi tó jìn. Ṣùgbọ́n ìró tó ròkè, 200 kHz, á ta padà lójú ẹrẹ̀ rírọ̀, èyí tó relẹ̀, 33 kHz, á wọnú ẹ̀ lọ. Ẹni tí ò bá mọ èyí tí ẹ̀rọ òun ń lò, kó wá yá ọ̀pá mi.

Ẹ tẹ GPS kó gba ojú ibi tí ẹ wà, ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀pá méjèèjì, ẹ sún síwájú. Ojú kan náà lẹ ó padà sí lóṣù tó ń bọ̀ o.

Háà, omi ti ń fà. Bọ̀dá, ẹ tan án, ká lọ tún òpó yẹn kà.