Àdúrà Òwúrọ̀ Fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Ọmọ Nílé

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará, Kubwa, Lugbe, Nyanya títí dé Kaduna, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti bàbá tẹ́ ẹ ń fúnra yín kọ́ ọmọ nílé. Mo mọ̀ pé ó ti sú ẹlòmíì nínú yín. Èmi náà, ó sú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ọjọ́ Túsìdeè ni, iná ò sí látàná ẹ̀, ọyẹ́ ti bó ètè gbogbo wa, ọmọ mi ọkùnrin gbórí lé tábìlì, mo ní 7 lọ́nà 5, ó ní 32, mo tún bi í, ó ní 40, ni mo bá pa ìwé dé gbàà mo wọ kíṣìnì lọ sunkún. Mo ní ṣé kì í ṣe pé mò ń bayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ báyìí (ọmọ tèmi fúnra mi o!).

Ibi tí mo ti ń nu imú ni mai ruwa, ọlọ́mi wa, ti ti ọmọlańké omi dé. Kẹ́ẹ̀gì 7, náírà 150 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ yìí kan náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá a kà á ní Hausa, daya, biyu, uku, ó wá ní, "Mọ́mì, méjì jẹ́ 300, mẹ́fà jẹ́ 900, ó ku ẹyọ kan, 1,050." Mai ruwa ṣì ń ronú!

Ẹ ṣí Deutarónómì 6, ẹsẹ 7. Ó ní ká máa kọ́ ọmọ nígbà tá a bá jókòó nínú ilé, nígbà tá a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tá a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tá a bá dìde. Mo wá pátákó ìkọ̀wé níbẹ̀ títí, mi ò rí i. Àwa la gbé odidi sukúù wọ pálọ̀. Mi ò ní ká má lo ìwé o, kọ́mọ́ọ̀n ẹ́ńtíránsì ń bọ̀, ó ṣì máa mọ 7 lọ́nà 5 yẹn dandan. Àmọ́ ẹsẹ 6 ló ṣáájú, ó ní kí ọ̀rọ̀ náà wà láyà ẹ̀yin gan-an ná. Ẹni tó sùn laago kan òru, tí ò tíì jẹun, tó ń fọmọ ẹ̀ wé tàwọn ará Gwarinpa, kí ló wà láyà ẹ̀ tó fẹ́ bù fọ́mọ?

Tímótì náà, ọ̀dọ̀ Lóìsì ìyá àgbà ẹ̀ àti Yúnísì ìyá ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ẹ̀ ti wá. Bàbá ẹ̀, ará Gíríìkì ni, Bíbélì ò sọ pé ó dá sí i. (Ẹ̀yin ọkọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.)

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, sùúrù tó tán lánàá, fún wa ní òmíì láàárọ̀ yìí. Àmín.

Igbe tí mo ké mọ́ ọmọ mi, Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó kù sí i létí. Àmín.

Ìwọ lo sọ nínú Àìsáyà 54:13 pé ọ̀dọ̀ rẹ la ó ti kọ́ àwọn ọmọ wa, àlàáfíà wọn á sì pọ̀, Olúwa, wá jókòó ti tábìlì wa lónìí, iná ì báà wà, iná ì báà má sí. Àmín.

Ẹni tágbára ẹ̀ ti tán, tó fẹ́ dá ọmọ padà sí sukúù, má jẹ̀ẹ́ kó rò pé òun ti kùnà. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ dìde o, omi tíì ti ń hó.